Orúkọ Tí Mojọlá Kò Lè Pè

Ní nǹkan bí ọdún kẹwàá tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn, opó kan wà ní Bẹ̀yẹrúnkà tí ń jẹ́ Mojọlá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí Olúsànyà, ọkọ rẹ̀, kú. Àwọn ará ilé ọkọ fẹ́ kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó. Mojọlá kò bá wọn jiyàn. Àlùfáà ìjọ ni ó tọ̀ lọ, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àlùfáà bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí kò bá gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ó padà wálé wá fẹ́ ẹni tí wọ́n yàn fún un.

Ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọ kọ́ sẹ́yìn Bẹẹrẹ ni ó ti kọ́ṣẹ́. Sístà òyìnbó tí ń kọ́ wọn kì í sábà yin ènìyàn, ṣùgbọ́n ó yin Mojọlá. Òfin kan kì í kúrò lẹ́nu Sístà: nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fún aláìsàn lóògùn láì kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé, kí onítọ̀hún sì jẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí dókítà ti Èkó wá dán wọn wò nígbà tí wọ́n gbé Adéyẹ́misí, àbúrò Olúsànyà lóbìnrin, wọlé. Aràn ni ó ń bá a jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí Mojọlá tó wọlé ọkọ. Ìyàwó kì í sì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Àdúmáadán ni Mojọlá ń pè é. Sístà gbọ́, ó ní, "Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Orúkọ inú ìwé ni kí o pè."

Ẹnu Mojọlá kò gbà á. Láti ọjọ́ náà, ìdí tábìlì oògùn ni ó ń dúró sí, a sì bẹ Ràbíátù, ìyá àgbà ará Ọjà'ba tí ń gbá wọ́ọ̀dù, níṣẹ́.

"Ìyá, ẹ bá mi gbé ife yìí fún ẹni orí bẹ́ẹ̀dì kẹta."

"Ọkọ rẹ kékeré yẹn, àbí?" Ràbíátù rẹ́rìn-ín. "Gbé e wá. Ẹni tó bá lè pe ará ilé ọkọ lórúkọ, kí ló kù tí ò ní ṣe?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, òjò jò sórí bẹ́ẹ̀dì Louisa, ìyàwó tíṣà kan tí ibà dá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin. Àánú rẹ̀ ṣe Adéyẹ́misí, ó ní kí ó wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tòun, òun sì tẹ́ ẹní sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tí ó fi aṣọ borí lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta ni Mojọlá rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbé ife fún Ràbíátù bí ìṣe rẹ̀, ìyá àgbà náà sì nà án sábẹ́ aṣọ láì wo ojú ẹni tó gbà á. Louisa tí ibà ń gbọ̀n kò béèrè ohunkóhun, ó mu ún tán. Oògùn aràn ni, èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ tọ́ wò. Kó tó di ọ̀sán, oyún tí ó fi ọdún méje wá ti bà jẹ́.

Sístà béèrè ẹni tí ó fún un lóògùn. Ràbíátù la ẹnu láti gbà á rù, ṣùgbọ́n Mojọlá ti sọ̀rọ̀: "Èmi ni. Mi ò pe orúkọ." Sístà kò pariwo. Ó mú kálàmù, ó fa ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láàrin àwọn tí ó fẹ́ ṣèdánwò.

Bí ó ti ń di ẹrù rẹ̀, Adéyẹ́misí wá bá a, ó ń sunkún. "Ìyàwó wa, o ò bá ti pè mí. Ta ni ìbá gbọ́?"

"Èmi fúnra mi ìbá gbọ́," ni Mojọlá dá a lóhùn. "Ẹ má sunkún mọ́, ọkọ mi."

Ó padà sí Bẹ̀yẹrúnkà, ó fẹ́ àbúrò olóògbé. Ọkùnrin náà kò burú, Mojọlá sì bímọ mẹ́ta fún un. Louisa kò lóyún mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́yìn ìsìn, Louisa a kí i, a béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mojọlá a ní ara wọn le, a sì fà wọ́n lọ́wọ́ kíákíá. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ fún Ràbíátù: "Ìbá kúkú bú mi, Ìyá. Èébú, ẹnu mi mọ bí a ti í dáhùn rẹ̀."