Ọkọ mi tó ń fọ òkúta fún ẹja

Látìgbà tí Tokuhei ti fẹ́ mi, kò fọ abọ́ kan rí nínú ilé yìí. Tó bá jẹun tán, á ti abọ́ síwájú, á ní, "Ìyá Chizuru, ó dùn o," ó ti dìde nìyẹn. Ẹ wá wo ọkùnrin yìí kan náà nígbà tí òtútù ń lọ sópin, tómi mù ún dé orúnkún, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi kànìnkànìn ilé ìdáná mi fọ òkúta inú odò. Ó ń fọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ń fọ abẹ́ ẹ̀ pàápàá!

Ilé ìlagi ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ni ìgbésí ayé ẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀ gùn ju ilé wa lọ. Ẹja kan ṣoṣo náà ló sì ń mú, áyù. Áyù ò fẹ́ kòkòrò, kò fẹ́ ekòló. Nǹkan tútù tó máa ń hù lára òkúta lódò ló ń jẹ, kálukú wọn ló sì ní òkúta tiẹ̀ tó ń ṣọ́ bí onílé tó burú. Torí náà, àwọn apẹja wa á gba òrùka kékeré kọjá nímú áyù kan tó wà láàyè, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á sì jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òkúta ẹlòmíì. Onílé á jáde: ta ló ní kó o wọlé mi? Bó ṣe ń sáré lu àlejò ni ìwọ̀ tó wà lẹ́yìn àlejò á gbé e. Ìjà la fi ń pẹja níbí.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti bà jẹ́. Wọ́n ti mọ ògiri dí odò lókè, omi ńlá tó máa ń wá ṣan àwọn òkúta lọ́dọọdún ò wá mọ́. Àwọn tó ń lànà tún wá gé òkè, bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ẹrẹ̀ ló kù. Òkúta wa wá dà bí ìkòkò ọ̀lẹ. Kò sóúnjẹ lára ẹ̀, kò sẹ́ja tó fẹ́ ní in. Àwọn áyù ò wá jà mọ́, wọ́n á kó ara wọn jọ wọ̀ọ́, wọ́n á kọjá lọ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn apẹja tó máa ń ti ìlú ńlá wá náà bá tiwọn lọ.

Ìgbà òtútù ni Genkichi wá sílé wa. Òun ni olórí ẹgbẹ́ apẹja ìlú wa, Kamihara, òun àti ọkọ mi jọ dàgbà ni. Ó mu tíì mi, kò wo ojú wa.

"Tokuhei, má bínú sí mi. Ọmọ ẹja tá a máa dà sí apá odò tọ̀dọ̀ yín yìí lọ́dún yìí ló máa kẹ́yìn. Ìyà la fi ń jẹ wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ níbí, ẹrẹ̀?"

Apá odò yẹn ni bàbá ọkọ mi ti kọ́ ọ ní ìwọ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pá yẹn ò ní kúrò lára ògiri mọ́, ọkùnrin yìí á wá jókòó sílé máa wo èmi.

"Lọ́jọ́ tá a bá ṣí odò fún ìwọ̀," ó ní, "tí mo bá rí ẹyọ kan mú níbí, tó jẹ́ pé ó jà kó tó kó sí ìwọ̀, ẹ ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹyọ kan?" Genkichi rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú ẹ̀. "Ìyá Chizuru, ṣé ẹ gbọ́ ọkọ yín?"

"Mo gbọ́. Ẹni tí ò rí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ nínú yàrá ló fẹ́ rí ẹja nínú ẹrẹ̀."

"Ó dáa, mo gbà," ni Genkichi wí, ó ń nu imú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni kànìnkànìn mi sọnù. Mo tọpa ẹ̀ dé odò.

"Bàbá Chizuru! Kànìnkànìn mi dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Abọ́ kún ilé, tẹja lò ń fọ̀?"

"Ẹja ò lọ́wọ́."

"Ìwọ ńkọ́, tìẹ ti gé ni?"

Mo fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbà á. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀! Ẹrẹ̀ tó ń fọ̀ kúrò lókè ń ṣàn wá bá èyí tó ti fọ̀. Mo bọ́ bàtà.

"Kúrò níbẹ̀ jàre. O ò fọ nǹkan rí láyé ẹ, ó hàn. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Omi yẹn tutù débi pé mo bú u, mo bú bàbá ẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Bá a ṣe di méjì nìyẹn. A fọ̀ títí òdòdó igi ṣẹ́rì fi rẹ̀ dànù, títí nǹkan tútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára òkúta, tó ń dán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó sáré wọlé, ó ń pariwo, "Wọ́n ti jẹun! Wọ́n ti jẹun!" Mo rò pé àwọn ọmọ Chizuru ló dé. Ojú eyín áyù ló rí lára òkúta, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé ọparun.

Òjò wá rọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí odò. Ẹrẹ̀ padà. Kànìnkànìn ni mo mú, mo ṣíwájú ọkọ mi lọ sódò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí odò, Genkichi ti gbé àga sẹ́bàá odò kí ọkọ mi tó dé. Ọkọ mi ju áyù àlejò ẹ̀, tó ti gba òrùka sí nímú, sómi. Kò sí nǹkan. Ó sún sókè, kò sí nǹkan. Oòrùn dé àtàrí. Mo gbé ìrẹsì tí mo fọwọ́ dì fún un, kò jẹ ẹ́, Genkichi jẹ ẹ́.

"Tokuhei, àlejò ẹ ti di ọmọ onílé o! Wọ́n ti fún un ní yàrá."

Ọkọ mi darí ẹja ẹ̀ lọ sídìí òkúta ńlá kan, èyí tí èmi fọ̀, tó bú mi lórí ẹ̀ pé mo ń pẹ́ jù.

Okùn gbọ̀n. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ. Ẹja méjì fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bọ́ sínú àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó jà!" Ọkọ mi ń ké bí ọmọdé. "Genkichi, o rí i? Ó jà!"

"Ẹja nìyí àbí igi ìtayín?" Genkichi ní, ṣùgbọ́n ó ti wọnú omi tòun ti ṣòkòtò ẹ̀. Ó gba áyù náà, ó gbé e símú. Áyù tó bá jẹun yó á máa rùn bíi kùkúmbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó tún un gbọ́, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Ó dáa," ó wí nígbẹ̀yìn. "A ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tó kù pọ̀ o. Ta ló máa fọ̀ wọ́n?"

"Ìwọ náà níyàwó," mo ní. "Lọ jí kànìnkànìn tiẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, Tokuhei jẹun tán, ó ní, "Ìyá Chizuru, ó dùn o." Ó dìde, ó gbé abọ́ ẹ̀, ó gbé e lọ sílé ìdáná. Mo ní, ayé ti yí padà lónìí! Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó mú kànìnkànìn tuntun tí mo rà, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọwọ́ lásán ni mo fi fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ tó ń súfèé lódò.