Ọjọ́ tí Àwọn Ọ̀tá Wa Kò Bú Wa

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì tó pò mọ́ ti ewé tútù ni mo fi ń mọ̀ pé sáà bọ́ọ̀lù ti dé. Àgbàlá tí ilé iṣẹ́ wa ń gbé bọ́ọ̀sì sí kò jìnnà sí District Heights ní ìpínlẹ̀ Maryland, ewé a sì máa ya bo gbogbo ibẹ̀ nígbà tí òtútù bá fẹ́ wọlé. Màá ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá tan ẹ́ńjìnnì, màá máa fọwọ́ gbá ewé kúrò lára díńgí, ọkọ̀ náà á sì máa gbọ̀n bí ẹran ńlá tó ń mí. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà l'Ọ́yọ̀ọ́ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n gbé bọ́ọ̀sì gígùn lé mi lọ́wọ́, kí o wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o máa wò. Láti Greenbelt títí dé Clinton, mi ò tíì rí dírẹ́bà tó lè fi ẹ̀yìn wọ ibi tí mo lè wọ̀. Bi àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, wọ́n á sọ fún ọ, bí inú wọn ò tilẹ̀ dùn sí i.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni mo ń gbé kiri nígbà yẹn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni, tí àwọn ọmọkùnrin gìrìwò máa ń dé akoto, tí wọ́n á máa kọlu ara wọn bí àgbò. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa kó ara wọn jọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́nfúrẹ́ǹsì, àwọn tó bá wà nínú ọ̀kan náà ni wọ́n máa ń bá ara wọn gbá lọ́dọọdún. Nínú ti àtijọ́ tí a wà, kò síbi tí bọ́ọ̀sì ò lè dé. Tí a bá jáde láàárọ̀, a ó jẹun lọ́nà, a ó sì ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Aládùúgbò ni gbogbo àwọn tí à ń bá jà. Àwọn bàbá ti bá ara wọn gbá kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n sì ti kórìíra ara wọn pẹ́ débi pé wọ́n mọ orúkọ ajá ara wọn.

Ìgbà tí ìròyìn wá jáde pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mò ń gbé ń kúrò nínú kọ́nfúrẹ́ǹsì yẹn, pé wọ́n ń lọ bá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńláńlá tó wà lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, ṣe ni gbogbo èèyàn ń yọ̀. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, akáǹtáǹtì ni, fà mí lápá lẹ́yìn ìsìn. "Bọ̀dá, ẹ lọ rán kóòtù tuntun o. Gbogbo Amẹ́ríkà ló máa máa rí yín lórí tẹlifíṣọ̀n."

Mo ní, "Orí mi tó ń dán yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ bò, kó má baà fọ́ kámẹ́rà wọn."

A rẹ́rìn-ín títí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tààrà sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, ojú rẹ̀ pọ́n fún oorun. Òun kò rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ ló ti wá sọ̀rọ̀. "Dádì, tí wọ́n bá ń wọ bàálù lọ, kí ni wọ́n máa fi dírẹ́bà ṣe?" Mo tan rédíò.

Ọ̀gá tó ń ṣètò ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà ló fún mi ní ìdáhùn. Ó ní àwọn ọmọ á máa wọ bàálù lóòótọ́, ṣùgbọ́n akoto wọn, bàtà wọn, gbogbo ẹrù wọn, ilẹ̀ ló máa gbà lọ nínú tírélà, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa dírẹ́bà ni wọ́n sì máa mú. "Kóòṣì àgbà fẹ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò fara kan nǹkan rí," ló wí. "Ìwọ ni mo fẹ́ dárúkọ. Má ṣáà jẹ́ kí nǹkan ha bọ́ọ̀sì kí sáà yìí tó parí." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ tírélà yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ aṣọ ọdún. Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni màá gbé ẹrù wọn láti etí òkun kan dé ìkejì.

Ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Virginia ni ìrìn àjò tó kẹ́yìn nínú kọ́nfúrẹ́ǹsì àtijọ́ gbé wa lọ. Àwọn yẹn ni ọ̀tá wa gan-an. Inú kòtò ni pápá wọn wà, ọ̀nà tóóró kan ló sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹnu yàrá tí àwọn àlejò ti ń múra, ògiri òkúta lọ́tùn-ún, ògiri òkúta lósì, kọ́nà burúkú kan láàárín. Ẹ̀yìn ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi wọ̀ ọ́. Àwọn dírẹ́bà yòókù a máa dúró sókè, kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń wọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún, bàbá onígéètì wọn, òyìnbó arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, á ti kó èrò jọ sórí ògiri méjèèjì kí wọ́n lè wo bí màá ṣe ha bọ́ọ̀sì mọ́ ògiri. Ẹ wá gbọ́ èébú. "Àfíríkà, ògiri ń kí ọ." "Ìyá mi àgbà lè wa èyí, afọ́jú sì ni." Àwọn obìnrin á máa mi agogo, àwọn ọmọdé á máa yọ ahọ́n sí mi. Èmi á na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, màá jù ú sí wọn bí ọba, màá sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, kùrukùru bo òkè. Gbàrà tí a kúrò lójú títì ńlá ni mo ti ń rí nǹkan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nílé oúnjẹ tí a máa ń yà sí, wọ́n ti da ìdajì àga dé orí tábìlì. Obìnrin tó ni ibẹ̀, tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyin tí à ń jẹ la máa bì lọ́sàn-án, gbé àwo kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun dáadáa," ó yíjú padà. Àsíá tí àwọn ará ìlú náà máa ń ta síwájú ilé wọn láti fi wá bínú kò sí. Àgbọ̀nrín kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igún bà lé e, wọn ò sì fò nígbà tí a kọjá. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń kọrin lẹ́yìn mi ti dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé kùrukùru ni.

Nígbà tí a dé, èrò wà lórí ògiri, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó la ẹnu. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì wa bí ìgbà tí pósí ń kọjá. Mo ju ọwọ́ sí wọn. Kò sẹ́ni tó ju tiẹ̀ padà. Mo ki jíà ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ibi kọ́nà yẹn ni mo ti dúró. Díńgí mi méjèèjì funfun báláú. Ìyẹn nìkan kò tó dẹ́rù bà mí, díńgí kò wúlò níbẹ̀ rí, ojúmọ́ ì báà mọ́ kedere. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé mi ò mọ ibi tí ògiri wà mọ́. Mo tẹ búréèkì. Ìgbà yẹn ló wá yé mi, ọ̀rẹ́ mi, pé etí ni mo ti fi ń wọ ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ láìmọ̀. Tí èébú apá òsì bá ti le jù, mo ti sún mọ́ ògiri òsì nìyẹn. Tí tọ̀tún bá wá bò ó mọ́lẹ̀, màá yí ọwọ́ padà. Àwọn ọ̀tá wa ni wọ́n ń fọ̀nà hàn mí, wọ́n sì ti panu dé.

Kóòṣì àgbà bi mí láti ẹ̀yìn pé kí ló dé. Ọ̀gá tó ń ṣètò ìrìn àjò dìde, ó ń wo ọwọ́ mi lórí ìdarí ọkọ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n rìn, mo ti di dírẹ́bà bíi tàwọn yòókù. Tí mo bá sì lọ sẹ́yìn tí òkúta ha bọ́ọ̀sì, tírélà ti lọ. Mo ṣí fèrèsé, mo yọ orí síta.

"Bàbá," mo pe onígéètì tó dúró nísàlẹ̀, "ẹ bú mi."

"Kí lo wí?"

"Ẹ bú mi bí ẹ ti máa ń ṣe. Mi ò ríran."

Ó wò mí. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "O ti sanra sí i," ló wí, bí ẹni ń tọrọ gáfárà.

"Mi ò gbọ́ yín."

"Mo ní o ti sanra bí ẹlẹ́dẹ̀ ọdún, bọ́ọ̀sì yẹn ń kérora lábẹ́ rẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lápá òsì. Obìnrin kan ní kóòṣì wa ń sá fún wọn ni, pé ẹ̀rù ló gbé e wọ bàálù. Ọkùnrin kan lápá ọ̀tún ní ká máa lọ, ká lọ máa gbá bọ́ọ̀lù nínú àwọsánmà. Ó bá ràn. Òsì, ọ̀tún, òsì, mo ń fetí wọn ọ̀nà, mò ń yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, mo wọlé, nǹkan kan ò kan bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì, ariwo náà ò dá, ó sì ti kúrò ní eré. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń sunkún tó tún ń bú wa pọ̀. Ó ń béèrè pé ta ló máa wá sí ìlú àwọn mọ́.

Bàbá onígéètì wá sójú fèrèsé mi. "Ta ni kí n wá máa bú báyìí?"

Mo ní kó máa bọ̀ ní Maryland.

Ó ní, "Láti wá ṣe kí ni?" Ó sì lọ ti géètì rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní tírélà. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ẹrù wọn lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ń tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, mi ò rí ojú tí mo mọ̀. Nígbà tí mo dé pápá ńlá tọ̀hún, géètì fúnra rẹ̀ ló ṣí. Ibi tí wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn wọ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó kọ́ ọkọ̀ lánàá lè wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó wò. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹgbẹ́ wo nìyẹn?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ.

Àwọn ọmọ fi bàálù dé, ojú wọn wú, púpọ̀ nínú wọn ni mi ò mọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì míì wá ni. Ẹgbẹ́ tó gbà wá lálejò nà wá gan-an. Kí eré tó parí, àwọn onílé ti ń lọ gbé ọkọ̀ wọn, wọn ò tilẹ̀ dúró fi wá ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì tú ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ká, wọ́n ní ọ̀nà ti jìn jù, owó ìrìn àjò wọn ò ká a mọ́. Wọ́n ti pátákó mọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ ẹ̀bá òkè yẹn. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mo fojú ara mi rí i. Ní báyìí, mò ń gbọ́ ọ pé kọ́nfúrẹ́ǹsì tuntun náà fẹ́ fọ́.

Mo ṣì ń wa tírélà, kò sì ní àpá kankan. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń kí mi kú oríire. Mo máa ń dúpẹ́. Ohun tí mi ò tíì sọ fún wọn, tí mò ń sọ fún ọ yìí, ni pé nínú gbogbo Amẹ́ríkà, tí o bá yọ ilé mi àti ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, orí ògiri òkúta yẹn nìkan ni àwọn èèyàn ti máa ń tètè jí láti wá dúró dè mí.