Okùn Ọkọ̀ Wa Lórí Odò Kàdúná

Òórùn ẹja yíyan àti ẹrẹ̀ tí oòrùn ń pa ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ odò Kàdúná. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi àti apẹja kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa ní Kudenda gbé ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a tẹ́ pákó lé wọn, a sì fi okùn kan ṣoṣo di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òjò ti dá nígbà náà, omi kò sì tíì fà. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwa àti ìyàwó mi á kó oúnjẹ sínú ọkọ̀, a ó rọra wà á lọ sókè odò. Kì í mì rárá.

Okùn yẹn nìkan ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Apẹja a máa ta á ní kókó tí èèyàn lè fa orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tú. Lójú mi, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Bí ó bá ti yíjú padà, màá tún un dì ní kókó mẹ́ta, màá sì wọ́n omi sí i kí ó le.

"Haba, Malam!" ni yóò wí fún èmi olùkọ́ ní èdè Hausa tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. "Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so báyìí!"

"Sarkin Ruwa," bí mo ṣe ń pe ọba omi mi nìyẹn, "ohun tí a bá máa ṣe, ká ṣe é dáadáa."

Àfi bí ìjà ẹ̀sìn ṣe bẹ́ sílẹ̀ nígboro Kàdúná. Èéfín bo afárá odò náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sá gba orí rẹ̀ kò dé òdìkejì. A wa ọkọ̀ lọ, a ń kó èèyàn sọdá, a kò bi ẹnikẹ́ni bí ó ṣe ń gbàdúrà. Nígbà kẹta ni mo rí ìyàwó mi, tí ó ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ungwan Rimi, tó ń sáré bọ̀ létí odò láìwọ bàtà. Bí ó ṣe fò wọnú ọkọ̀ ni àwọn tó ń lé wọn ṣá ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ládàá. Ó dojú bolẹ̀ sínú omi, omi náà pọ́n. Àwọn tó ṣá a di ọkọ̀ apá ọ̀tún mú, wọ́n ń wọ́ wa padà. Gbogbo wa rọ́ sí apá òsì.

"Malam, ẹ tú okùn!"

Mo fi ìka tú u, mo fi eyín tú u. Kò tú. Mo ti dì í dáadáa.

Apẹja tì mí sẹ́yìn, ó fi ọ̀bẹ ẹja ń gé e. Àdá bà á ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó gba ọ̀bẹ sí ọwọ́ òsì, ó sì gé e tán. Omi gbé wa lọ, òkúta ń rọ̀ lé wa lórí. Ojú wa ni wọ́n ṣe wọ́ ìdajì ọkọ̀ wa gòkè, tí wọ́n tiná bọ̀ ọ́.

Apẹja yè, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìlú rọ̀, mo fún un ní ọkọ̀ tó kù; n kò fẹ́ rí ọkọ̀ náà mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì so ó mọ́ igi létí omi, ó fa orí okùn, ó tú.

"Ó kàn yín, Malam."

Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi okùn di ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò ṣe tú u.