Àbúrò mi pè nítorí okùn ìgbòkun

Àbúrò mi tí a ti ń wá láti oṣù tó kọjá pè mí lónìí. Ọ̀rọ̀ okùn ló bá dé.

Tapólì tí wọ́n ń ká mọ́ irin níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń rán ní Challenge; okùn la fi ń ká a bíi ti aṣọ ìgbòkun. Òun ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun l'Ékòó. Fóònù rẹ̀ ló sọnù, nọ́ńbà tuntun ló fi pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Aṣọ ìgbòkun iwájú ò ṣeé ká mọ́, atẹ́gùn sì ti ń le!"

"Má fi agbára fà á. Wo ìdí irin tí okùn ń wé mọ́. Ṣé okùn ò gun ara rẹ̀?"

"Ó gun ara rẹ̀, ó ti há."

"Ẹ ò di okùn mú nígbà tẹ́ ẹ ń tú aṣọ nìyẹn. Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, fi ọwọ́ yọ èyí tó há, kó o tó tún fà á."

Mo gbọ́ tí irin ń yí.

"Alhamdulillahi! A ti ká a! Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé màá wálé Iléyá."

Ìyá kú lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ náà gan-an la sin wọ́n, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. A ti ṣe àdúrà fìdáù wọn pàápàá.

Ẹnu mi kàn sọ pé, "Wọ́n á gbọ́."

Ó pa fóònù. Mo padà sídìí máṣíìnì, mo rán tapólì tó kù tán. Omijé kankan ò jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n pè é padà báyìí tó ṣì wà lórí omi, àbí kí n jẹ́ kó gúnlẹ̀ ná?