Kànìnkànìn Màmá

Kò pẹ́ tí mo bímọ ni ìyá ọkọ mi dé láti Kàbbà sí ilé wa ní Karmo ní Àbújá. Kànìnkànìn tuntun àti òrí wà nínú àpò rẹ̀. Nílé tiwọn, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun: á fi kànìnkànìn ra á lára, á na apá, á na ẹsẹ̀, á fi òrí wọ́ ọ kí ara rẹ̀ lè le. Ìyàwó kì í bá wọn jiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá bá ti ra láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ìléròrò á ti sọ níbẹ̀, bí ẹni pé omi gbígbóná ta sí ọmọ náà lára. Tó bá bẹ́, àwọ̀ á ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ á pupa yòò. "Ara ọmọ yìí ló rọ̀ jù," ni Màmá wí, ló bá tún ra á kankan sí i. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, ìyá òun mọ ohun tó ń ṣe. Sùúrù wo?

Ọjọ́ tí ibà mú ọmọ náà, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní apá Kado. Màmá tẹ̀ lé mi. Mo ti pinnu pé níwájú dókítà gan-an ni màá ti ní kó máa padà sí Kàbbà.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin Yorùbá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àbújá. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà títí, ẹ̀rù bà mí.

"Mummy, ẹ gbọ́," ó sọ fún Màmá. "Ní ìsàlẹ̀ skin wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì jókòó bí ẹni jókòó sórí ẹní. Okùn tín-ín-rín wà nínú wọn, kẹ́rátìn ni wọ́n ń pè é. Okùn yẹn ló so mọ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti di ẹní mú. Ti ọmọ yìí ò strong. Tí ẹ bá ra á, sẹ́ẹ̀lì á ya, omi á kún ibẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. A máa treat ibà yẹn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí kànìnkànìn mọ́ o."

Mo la ẹnu. Dókítà ṣáájú mi: "Ṣé ẹnì kan wà nínú family tí ara rẹ̀ máa ń ṣe báyìí?"

Mo rántí ọkọ mi, tí bàtà tuntun máa ń bó lẹ́sẹ̀. Kí n tó sọ ọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Àpá ìléròrò kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn kan ò tíì san.

"Láti kékeré ni. Ká tó rìn dé oko, ẹsẹ̀ mi á ti bó. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, mi ò fẹ́ roko. Ìyá mi wá ń fi kànìnkànìn ra á, kó lè yi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ yìí bẹ́ẹ̀." Ó gbójú sókè. "Dókítà, ṣé mi ò ya ọ̀lẹ nígbà yẹn?"

"Ẹ ò ya ọ̀lẹ rárá, Mummy."

Màmá bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ tí mo ti dì sẹ́nu láti Karmo wábi gbà.

Dókítà kọ́ wa bí a ó ṣe máa gbé ọmọ náà: kí a má ti ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ gbé e, kí a ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí àti abẹ́ ọrùn rẹ̀. Màmá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi kan ọmọ. Èmi ni mo gbé ọmọ náà lé ọwọ́ rẹ̀.