Ẹni Tó Ń Jókòó Sínú Ọkọ̀ Bàbá Onírọ́bà

Bàbá Onírọ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Àwọn mìíràn ń lu irin ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bó bá di ká fi rọ́bà sí etí ilẹ̀kùn kí òjò má ráyè wọlé, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ń wá. Àwọn kan á ní iṣẹ́ kékeré ni. Kékeré kẹ̀? Wọn ò tíì wọ ọkọ̀ tí òjò ti ń pa èèyàn nínú rẹ̀ rí.

Mo ṣì ń rí i bó ṣe máa ń ṣe é. Á kọ́kọ́ fi abẹ fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára irin, á fi sanpépà ha ibi tó bá ti dógùn-ún, á wá fi àkísà tó rẹ sínú bẹntiróòlù nù ún títí àkísà náà ò fi ní dọ̀tí mọ́. Á fi gọ́ọ̀mù pa irin, á fi pa rọ́bà, á wá káwọ́ gbera. Bí mo bá béèrè ohun tó ń dúró dè, á ní, "Ìyàwó, fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò tíì yá." Mo ti bí ọmọ márùn-ún fún un, a ti lo ogójì ọdún pọ̀, ìyàwó náà ló ṣì ń pè mí, bí ẹni pé àná ni mo wọlé.

Ohun tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ni kó fa rọ́bà. Kí o tì í, kí o má fà á. Rọ́bà tí wọ́n bá fà kó lè tó á sún padà tó bá yá, igun á sì là sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, èmi ni mo ń jókòó sínú ọkọ̀. Òun á ti ilẹ̀kùn, á gun àpótí, á máa da omi lé orí ọkọ̀, èmi á máa ṣọ́ gbogbo igun. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju ohunkóhun lọ. Inú ọkọ̀ á máa rùn gọ́ọ̀mù tuntun, omi á máa ṣàn lára dígí, màá máa rí ojú rẹ̀ bàìbàì níta, á sì máa yọ ahọ́n sí mi. Bí omi bá kán, màá pariwo, "Ó jò!" Kò bínú rí. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, kí n má purọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ọmọ ní kó sinmi, ó yarí. Àkọ́bí wa obìnrin ló mọ bó ṣe gbé e gbà.

"Bàbá, ọkọ̀ tíṣà tó wà lọ́wọ́ yín yìí, bí kò bá jò, a ò ní sọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́. Bó bá jò, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ó gbà.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, korobá omi kejì ló ń dà nígbà tí nǹkan kán sí mi lórúnkún láti igun òkè ilẹ̀kùn. Mo yára fi ìró mi nù ún.

"Ṣó jò?"

"Rárá o. Inú ibí gbẹ táútáú."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ṣílẹ̀kùn. "Sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kí n jókòó, ìwọ bá mi da omi."

Mo gun àpótí. Mo da omi síwájú, mo da sẹ́yìn, mo da síbi gbogbo àfi igun yẹn. Nígbà tó jáde, kò gbóhùn sókè.

"Mo gé rọ́bà igun yẹn kúrú, ó ti rẹ̀ mí, mo bá fà á. Mo mọ̀ pé á jò. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé o lè purọ́ fún mi."

Ojú tì mí gan-an. "Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Bí o ò bá sọ fún mi, ta ni yóò sọ ọ́?" Ó gbé abẹ. "Èyí ò kà, mo mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Màá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó tú gbogbo rọ́bà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe òmíràn, kò sì fa ohunkóhun. Mo tún wọlé jókòó. Korobá kìíní, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan, inú mi sì ti ń dùn. Nígbà tó di ìkẹta, omi wọlé lábẹ́ dígí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tẹ rọ́bà náà wọlé dáadáa. Kì í ṣe kíkán, ó ń ṣàn.

Ó dúró lórí àpótí, ó ń retí ohùn mi.

"Ó jò," ni mo wí. Kò gbọ́. Àfi kí n pariwo rẹ̀. "Ó jò o!"

Ó gbé korobá kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé jókòó tì mí, ó sì pa á dé.

"O ṣeun," ló wí.

A jókòó síbẹ̀, omi ń ṣàn sí àwa méjèèjì lára títí ó fi dá.