Apá Ìyá Àgbà àti Òrí Olóòórùn Ọsàn Wẹ́wẹ́

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìlọ́bù ni mo kọ́kọ́ padà sí. Òrí ìpara ni wọ́n ń pò tà fún àwọn abiyamọ. Èmi ọ̀mọ̀wé ní kí n bá wọn tún un ṣe: mo fún omi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, òórùn dídùn sì gba gbogbo ilé. Abiyamọ kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí ara ọmọ rẹ̀ máa ń gbẹ, ti ń retí rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká fi pa ehoro tí mò ń sìn lára ná, ká wò ó." Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé nìyẹn.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Irun ló bo ehoro látorí dé ìrù. Ṣé irun ló wà lára ọmọ yẹn? Bó bá sì ń ta ehoro, ta ló máa sọ fún?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi pa ara mi nígbà náà."

"Awọ tìẹ ṣì le. Tèmi ti fẹ́lẹ́ bíi ti ìkókó."

Wọ́n fi pa apá. Lọ́jọ́ kejì, kò sí nǹkan kan. Mo ti ń bu òrí sínú ike nígbà tí wọ́n bi mí pé, "Níbo ni ìyá ọmọ yẹn máa ń pọ̀n ọ́n lọ?"

"Oko ni, mà."

"Oòrùn ò sí lóko ni?"

Wọ́n tún fi pa apá, wọ́n sì jókòó síta nínú oòrùn títí di ìrun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹta, apá wọn pọ́n, ó sì wú bí ibi tí omi gbígbóná dà sí. Mo bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, ọkọ mi. Apá mi ni, kì í ṣe ti ọmọ ọlọ́mọ."

Òrí lásán, tí kò ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú, la gbé lọ sí Ìfọ́n. Àwọn aládùúgbò ní ká má lọ, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì. Ìyá àgbà ní, "Orí ilẹ̀ ni ààlà wà, kò sí lára ọmọ." Wọ́n fi apá wọn han abiyamọ náà, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ dídán ìpara wò yẹn ni mò ń ṣe jẹun báyìí. Awọ ènìyàn tí wọ́n tọ́ nínú àwo ní yàrá ìwádìí la fi ń dán ìpara ewé àti èso wò. A ò fi ẹranko dán an wò. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n ṣàdúrà fún mi dáadáa, wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.